Ìdí Tí Ìtàn Abẹ́ Òkun Fi Ń Di Òǹkàwé Mú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo. Nínú gbogbo ìwé tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì mi, ìtàn tí Jules Verne kọ nípa ọkọ̀ abẹ́ òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní Twenty Thousand Leagues Under the Sea, ni àwọn ọmọ ń jà sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kan òkun rí. Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí ẹran omi ńlá tó wà lára èèpo ìwé náà ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kà á tán kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹran ọ̀hún. Kí ló wà nínú irú ìtàn yìí tó ń fa òǹkàwé mọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n sì jẹ́ kí wọ́n máa fo àwọn ojú ìwé tó kún fún orúkọ ẹja?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, olùkọ́ wa. Ibi tí ẹ ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ kì í sọ̀rọ̀ ẹran omi náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ìwé tán gan-an ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹran omi lè mú ọmọ ṣí ìwé, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró sídìí rẹ̀ dé òpin. Èrò tèmi ni pé nínú ìtàn abẹ́ òkun tó bá dára, gbogbo ohun tó ń bani lẹ́rù ló ṣeé wọ̀n: bí omi ti jìn tó, bí ó ti ń tẹ ara ọkọ̀ tó, bí afẹ́fẹ́ tó kù ti pọ̀ tó, àti wákàtí mélòó ló kù kí ó tán. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣeé wọ̀n, èyíinì ni ọkàn ẹni tó ń darí ọkọ̀. Níbi tí ìṣirò tó dájú ti pàdé ọkàn tí ẹnikẹ́ni kò rídìí ni òǹkàwé ti ń há, tí kò sì ní fẹ́ kí a tú òun sílẹ̀.

Nítorí àwọn tí kò tíì ka ìwé náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Jules Verne, tí wọ́n bí ní 1828 ní Nantes, ìlú onébùúté kan ní ilẹ̀ Faransé, gbé ìtàn náà jáde díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún 1869 títí di oṣù kẹfà ọdún 1870, nínú ìwé ìròyìn tí atẹ̀wé rẹ̀, Pierre-Jules Hetzel, ń ṣe ní Paris. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1866, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń kéde pé àwọn rí ohun ńlá kan tó ń sáré lábẹ́ òkun. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan jáde láti lọ dọdẹ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aronnax, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, wà nínú ọkọ̀ náà, pẹ̀lú Conseil, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti Ned Land, ọdẹ àbùùbùtán láti Kánádà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sínú omi, wọ́n sì bá ara wọn lórí ohun tí wọ́n ń lépa: ọkọ̀ onírin tó gùn ní 70 mítà ni, Nautilus ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nemo ló sì ni ín. Nemo gbà wọ́n là, ó bọ́ wọn dáadáa, ó sì sọ fún wọn pé wọn kò ní padà sí orí ilẹ̀ mọ́ láéláé.

Ẹ wo bí Verne ṣe kó ẹ̀rù wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó rí Nautilus rárá, nígbà tí wọ́n ṣì gbà pé ẹran omi ni wọ́n ń lé, Aronnax jókòó ti Ned Land, ó sì ń ṣírò fún un bí omi ṣe ń tẹ ohun tó bá wọ inú rẹ̀. Ìṣirò náà kò le. Ní gbogbo nǹkan bíi mítà mẹ́wàá téèyàn bá fi rì sísàlẹ̀, ìtẹ̀ tó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa yóò tún kún èyí tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 30 mítà, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ara wa mọ̀ lórí ilẹ̀. Ní ibi tó jìn jù lọ nínú Òkun Pàsífíìkì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11,000 mítà, ó ju ìlọ́po 1,000 lọ. Ned Land, alágbára ọkùnrin tí kì í gba ohun tí kò fojú rí gbọ́, ronú sí i, ó sì ní a jẹ́ pé irin nípọn-nípọn bíi ti ọkọ̀ ogun ni yóò máa bo irú ẹran bẹ́ẹ̀ lára. Kò mọ̀ pé òótọ́ lòun ń sọ. Àwa tí à ń kà á ti gba ìwọ̀n náà sínú ara wa, ó sì wà lọ́kàn wa nígbà tí Nemo ṣí fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ kí àlejò lè wo ẹja. Ẹwà ni wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n a mọ ohun tó ń tẹ gíláàsì náà láti òde. Kò sí ìjà ní ojú ìwé yẹn, bẹ́ẹ̀ ni àyà ń já.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti dé góńgó ni orí tí òkè yìnyín ti há Nautilus mọ́ ní gúúsù ayé, ní oṣù kẹta ọdún 1868 inú ìtàn. Yìnyín wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nemo kọjú sí àwọn àlejò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láìgbé ohùn sókè, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni ikú lè gbà dé: kí yìnyín tẹ̀ wọ́n fọ́, tàbí kí afẹ́fẹ́ tán. Verne fúnra rẹ̀ fi í wé olùkọ́ ìṣirò tó dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n wọn yìnyín ìsàlẹ̀, ó nípọn ní mítà mẹ́wàá. Wọ́n mọ wákàtí tí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ yóò gbé. Láti ibẹ̀ lọ, òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe ìyọkúrò: mítà kan lọ, mélòó ló kù, wákàtí mẹ́fà lọ, mélòó ló kù. Nígbà tí ó sì dà bíi pé iṣẹ́ náà yóò ṣeé ṣe, wọ́n rí i pé ògiri yìnyín ẹ̀gbẹ́ ń dì sí i, ó ń sún mọ́ wọn, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ń pa dé. Ní ìkẹyìn, Aronnax ti ń kú lọ nígbà tí Conseil àti Ned Land gbé ohun èlò amòòkùn kan, tí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ díẹ̀ kù sí, sí i lẹ́nu. Àwọn náà nílò rẹ̀. Wọn kò mí i sínú, wọ́n fi pamọ́ fún un. Mo ti ka orí yìí lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì mọ bí ó ṣe parí, síbẹ̀ èémí mi máa ń kúrú níbẹ̀. Ìfẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn yóò fi ojú ìwé mẹ́wàá sọ, Verne fi mímí ẹ̀ẹ̀kan sọ ọ́, ó sì ṣeé gbàgbọ́ nítorí pé a ti bá wọn ka iye afẹ́fẹ́ náà láti òwúrọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òyìnbó ayé àtijọ́ nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí lè wọ̀ lára, kí ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etíkun Escravos, ní ìpínlẹ̀ Delta, ní oṣù karùn-ún ọdún 2013. Ọkọ̀ kékeré kan tó ń fa ọkọ̀ epo dojú dé, ó sì rì dé nǹkan bíi 30 mítà. Ènìyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Alásè ọkọ̀ náà, Harrison Okene, nìkan ló yè: ó rí ihò afẹ́fẹ́ kan nínú yàrá tó dojú dé náà, ó sì wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn àti òtútù fún nǹkan bíi 60 wákàtí, títí àwọn amòòkùn tó wá gbé òkú fi rí ọwọ́ rẹ̀ nínú omi. Nítorí ìtẹ̀ omi tí mo ṣàlàyé lókè, wọn kò lè mú un jáde sí òde tààrà. Inú yàrá onírin kan ni wọ́n fi í sí fún ohun tó lé ní ọjọ́ méjì kí ara rẹ̀ tó lè padà sí ìwọ̀n ti orí ilẹ̀. Fídíò ìṣẹ̀lẹ̀ náà tàn ká gbogbo ayé, àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ tàbí òkun sì jókòó, wọ́n wò ó. Ohun kan náà ló mú wọn jókòó tó mú àwọn ọmọ Òṣogbo jókòó ti ìwé yín. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí kí a dá èémí dúró díẹ̀. Ọmọ tí kò rí òkun rí ti wẹ̀ ní odò Ọ̀ṣun tàbí kí ó ti ki orí bọ inú bàsíà omi rí. Ara rẹ̀ mọ ẹ̀rù yẹn ṣáájú ìwé.

Mo wá dé orí orúkọ ẹja. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fò wọ́n pátá. Lóòótọ́, Verne ń ṣe àṣejù níbẹ̀ nígbà mìíràn, mo sì gbà pé ojú ìwé kan wà tí orúkọ ẹja rẹ̀ yóò sú ẹni tó ń ta ẹja gan-an. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni àwọn orúkọ náà ń ṣe. Aronnax kì í ṣe akọni. Ọ̀mọ̀wé ni, tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ ìwé ìṣirò owó. Nígbà tí ó bá ti pe ogún ẹja lórúkọ bí wọ́n ti ń jẹ́ gan-an, a ó gbà á gbọ́ nígbà tí ó bá sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Bákan náà ni ohun èlò inú ìwé náà. Ọkọ̀ abẹ́ omi ti wà nígbà yẹn: ilẹ̀ Faransé gbé ọ̀kan tí wọ́n pè ní Plongeur sómi ní 1863, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ àgbá ló ń tì í, Verne sì rí àwòṣe rẹ̀ níbi àfihàn àgbáyé tó wáyé ní Paris ní 1867. Ohun èlò tí àwọn ará Nautilus fi ń mí nísàlẹ̀ omi jẹ́ èyí tí àwọn ará Faransé méjì, Rouquayrol àti Denayrouze, ti ṣe ṣáájú ìwé náà, Verne sì dárúkọ wọn. Ní 1866, ọdún tí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wáyà tẹligíráàfù tó ṣeé gbára lé so Yúróòpù pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà lórí ilẹ̀ òkun. Nautilus sì kọjá lórí wáyà náà nínú ìtàn. Ohun tí òǹkàwé ọdún 1869 mọ̀ pé ó wà ni Verne fi ṣe àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé.

Ó ṣìnà níbìkan ṣá. Ó ní Nautilus dé 16,000 mítà ní Òkun Àtìláńtíìkì, bẹ́ẹ̀ kò sí òkun kankan tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1960 ni Jacques Piccard àti Don Walsh tó sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ibi tó jìn jù lọ láyé, nínú ọkọ̀ tó ń jẹ́ Trieste. Àṣìṣe yìí kò ba ìtàn jẹ́, ẹ sì lè fi ṣe iṣẹ́ àmúrelé fún àwọn tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì.

Èyí tó jù lójú tèmi ni ọ̀rọ̀ Nemo, nítorí pé bí ìwé náà bá ní ìwọ̀n nìkan, ìwé ẹ̀kọ́ ni ì bá jẹ́. Ọkùnrin yìí ní ìwé 12,000 nínú ọkọ̀, ó ń tẹ dùùrù lóru, ó ń fi góòlù tó kó nínú ọkọ̀ tó ti rì ran àwọn ará Kírétè tó ń jà fún òmìnira lọ́wọ́. Ní etíkun Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu láti gba tálákà ará Íńdíà kan tó ń wá péálì lọ́wọ́ ẹja ekurá. Nínú yàrá rẹ̀, àwòrán àwọn tó jà fún ìdáǹdè àwọn ènìyàn wọn ló wà lára ògiri: Kosciuszko ti ilẹ̀ Poland, Abraham Lincoln, àti John Brown tí wọ́n so rọ̀ ní 1859 nítorí pé ó gbé ìbọn dìde sí oko ẹrú. Ọkùnrin kan náà yìí ni yóò fi imú ọkọ̀ rẹ̀ gún ọkọ̀ ogun kan ní ihò, tí yóò sì dúró máa wo bí àwọn inú rẹ̀ ṣe ń rì, lẹ́yìn náà ni yóò wọ yàrá lọ kúnlẹ̀ níwájú àwòrán obìnrin kan àti ọmọ kékeré méjì, tí yóò máa sunkún. Ta ni wọ́n pa fún un? Ìwé náà kò sọ.

Àìsọ yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Nínú èrò Verne àkọ́kọ́, ọlọ́lá ilẹ̀ Poland ni Nemo, tí àwọn ará Rọ́ṣíà pa ìdílé rẹ̀ run nígbà tí àwọn ará Poland ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba Rọ́ṣíà ní 1863. Hetzel kò fọwọ́ sí i, nítorí kò fẹ́ kí àwọn ará Rọ́ṣíà bínú, ọjà ìwé wọn wà níbẹ̀. Ó dábàá pé kí Verne sọ ọ́ di ọ̀tá àwọn oníṣòwò ẹrú. Verne kọ̀. Mo máa ń padà ronú sí àbá yìí, nítorí òwò tó ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa gba etíkun Ouidah àti Èkó lọ sí Brazil àti Cuba kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá ní Cuba ní àwọn ọdún 1860 yẹn. Nemo ì bá ti máa lépa àwọn ọkọ̀ tó kó àwọn ẹbí wa. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò fẹnu kò, wọ́n sì fi ìlú rẹ̀ àti ọgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìdárúkọ. Nígbà tó yá, nínú ìtàn mìíràn tó jáde ní 1874 sí 1875, Verne wá sọ pé ọmọ ọba Íńdíà ni. Ìdáhùn náà dára, àmọ́ mo gbà pé Nemo tí a kò mọ orísun rẹ̀ lágbára jù ú lọ. Ẹni tí wọ́n bá fìyà jẹ láyé yìí, níbikíbi tí ó bá ti wá, lè fi ọgbẹ́ tirẹ̀ sí àyè tó ṣófo yẹn.

Nísinsìnyí ẹ ó rí ìdí tí àwọn ọmọ kì í fi í sọ̀rọ̀ ẹran omi náà. Nígbà tí àwọn ẹran ọlọ́wọ́ púpọ̀ yẹn kọlu ọkọ̀, ọ̀kan gbé ọmọ ọkọ̀ kan lọ sókè, ọkùnrin náà sì kígbe fún ìrànlọ́wọ́. Títí di ọjọ́ náà, èdè àjèjì kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ni àwọn ará Nautilus ń sọ láàárín ara wọn. Ní ojú ikú, èdè Faransé ni ọkùnrin náà fi ké, Aronnax sì mọ̀ lójijì pé ọmọ ìlú òun ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tí òun kò mọ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbọ́ ẹni tó kígbe “yéè, mo kú o” ní ìlú àjèjì yóò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ẹran náà jẹ́ ohun ìjà lásán. Igbe yẹn ló ń dúró síni létí.

Ohun mìíràn tún wà tó kan àwa gan-an. Ẹni tí wọ́n bí sí àárín wa kò ka ìsàlẹ̀ òkun sí ilẹ̀ òfìfo. Olókun ló ni ibẹ̀, ọlá ibẹ̀ sì ju ti orí ilẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sí Cuba gbé orúkọ rẹ̀ dání, wọ́n ṣì ń bọ ọ́ títí di òní. Òǹkàwé bẹ́ẹ̀ kì í bá Aronnax ya ẹnu nígbà tí ó rí ààfin lábẹ́ omi. Ohun tí yóò bi ara rẹ̀ ni ta ló gba ọkùnrin yìí láàyè láti pe ara rẹ̀ ní ọba níbẹ̀, ìbéèrè náà yóò sì máa bá a lọ dé ìparí, níbi tí ìjì omi ńlá ti gbé ọkọ̀ náà lọ́wọ́ Nemo.

Kí ẹ má ṣe fi àbùkù ìwé náà pamọ́ fún wọn. Kò sí obìnrin kan tó sọ̀rọ̀ nínú gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin kíláàsì yín yóò sì kíyè sí i. Bí Aronnax ṣe ń sọ̀rọ̀ àwọn ará Papua ní ọ̀nà omi Torres kò bójú mu, ó ń pè wọ́n ní ẹhànnà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka èsì Nemo níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ńṣe ni ó bi ọ̀jọ̀gbọ́n pé ilẹ̀ wo ni irú wọn kò sí. Ìjiyàn tó dára lè ti ibẹ̀ wá.

Ní ti ìwé tí ẹ ó máa rà, ẹ wò ó dáadáa. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́, tí Lewis Mercier ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, gé ohun tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ìwé náà kúrò, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì; òun ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ ní ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú títí di òní. Ẹni tó bá gé ìṣirò kúrò nínú ìwé yìí ti gé ẹ̀rù kúrò. Ẹ wá èyí tó bá kọ ọ́ sí i pé odindi ni. Kí ẹ sì ya àtẹ kékeré kan sínú ìwé fún kíláàsì, kí wọ́n máa kọ ọjọ́, jíjìn omi àti wákàtí afẹ́fẹ́ tó kù sí i bí wọ́n ṣe ń kà á lọ. Bí wọ́n bá dé orí òkè yìnyín, ẹ kà á sókè fún wọn ní ìjókòó kan, kí ẹ má ṣe dá a dúró fún àlàyé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì: kí apá kan gbèjà Ned Land tó fẹ́ sá láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí apá kejì gbèjà Aronnax tí ìmọ̀ ń dá dúró nínú àhámọ́. Ní ti orúkọ ẹja, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan péré, kí ó lọ wá bí ẹja náà ṣe rí gan-an, kí ó sì wá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù ní èdè Yorùbá.